Ẹ̀rọ Etí Tí Ọkọ Mi Ṣe fún Màmá

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn tó ń pè é ní Ẹnjiníà ládùúgbò wa, tí wọ́n á wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ́rìn-ín, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè jókòó ti rédíò tó ti kú láti àárọ̀ títí dọ̀sán láìdìde mu omi. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tún rédíò ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Irin tó fi ń jó òjé ti jó o níka títí ìka náà ò fi mọ iná mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rán an ní iyọ̀ o. Bátìrì ló máa rà bọ̀.

Èmi ń ránṣọ. Máṣíìnì mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín pálọ̀ àti kíṣìnì, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé jù. Ẹ fi máṣíìnì yẹn sọ́kàn, a ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdún kẹta rèé tí Màmá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Etí ló gbé wọn dé. Nígbà tí wọ́n ń dá gbé, wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n gbàgbé, omi kún ilé dé ọrùn ẹsẹ̀, àwọn ará ilé kejì sì kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Màmá wà nínú yàrá lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ká aṣọ. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ìròyìn náà dé, kí n tó la ẹnu ni ọkọ mi ti sọ pé, “Kí wọ́n máa bọ̀ wá bá wa gbé.” Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí bí mo ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ wá wo Màmá mi o. Obìnrin tó mọ ìwà hù ni wọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n hù kọjá ààlà. Èmi ìyàwó ń sọ fún ọkọ mi pé ‘ìwọ’. Màmá tó lè bí i ń sọ fún un pé ‘ẹ̀yin’. Bí ó bá gbé tíì tútù fún wọn, wọ́n á dúpẹ́ pé kò jẹ́ kó bó àwọn lẹ́nu. Nílé ìwòsàn, wọ́n ti fún wọn ní ẹ̀rọ etí kékeré kan rí. Màmá dúpẹ́ títí, wọ́n fi áńkáṣíìfù dì í, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí kó má bàa bàjẹ́. Ibẹ̀ ló wà dòní.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mo ní ìyá nílé, n ò sì ní ìyá tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Kí n tó ké ‘Ẹ káàárọ̀’ sí wọn létí kó wọlé, ìdajì àdúgbò á ti dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìyá àti ọmọ, ṣé èyí tí à ń ké bí ẹni ń lé ewúrẹ́ ni? Díẹ̀díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣàpèjúwe: oúnjẹ rèé, omi rèé, ó dàárọ̀. Ọdún kan gbáko, ohun tí mo bá ìyá mi sọ kò ju ìyẹn lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi kí ọ̀kan nínú wa tó kú. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ mi rí i lójú mi. Ó ní, “Fi sílẹ̀ fún mi.” Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbádùn mọ́. Ó kan máìkì kan mọ́ ògiri kíṣìnì, ọ̀kan mọ́ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà. Ó fa wáyà wọn gba ara ògiri lọ sínú àpótí onígi kan lórí tábìlì níwájú àga Màmá. Wáyà mìíràn jáde láti inú àpótí náà lọ sí ìbotí méjì tí Màmá máa dé sórí. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú ilé, Màmá á gbọ́ ọ lórí ìjókòó. Níwájú àpótí náà, ó fi iná pupa kékeré kan sí i tó máa ń tàn bí ohùn bá ti wọlé, kí òun fúnra rẹ̀ lè mọ̀ pé wáyà ò já. Etí ọba nílé, etí ọba lóko. Ó pe ẹ̀rọ náà ní Etí Kìíní.

Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ dé e, ọkọ mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, ó dúró níwájú wọn bí ẹni fẹ́ gba ẹ̀bùn. “Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

Màmá wo ojú rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ọkùnrin tí kò sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n rí. Wọ́n ní, “Mo ń gbọ́ yín kedere, ọkọ mi. Ó dáa gan-an. Ọwọ́ yín ò ní rọ o.”

Ọkọ mi kọ ọ́ sínú ìwé: Ó yege.

Ẹ ó rò pé bí nǹkan bá ti yege, ó tán. Kò tán. Ó ní òun fẹ́ kó tún dáa sí i. Etí Kejì dé, Màmá ní ó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Etí Kẹta dé, wọ́n ní ó tún wá dáa ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ tí a dé Etí Kẹrin fún wọn, wáyà ìbotí náà ti já kúrò lára àpótí látàárọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀, àmọ́ Màmá ní àfi bí ẹni pé áńgẹ́lì ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ mi padà rí wáyà tó já, ṣé ó fura? Ó yọ̀ ni! “Ṣé o rí i? Ẹ̀rọ yìí dáa débi pé ó ń ṣiṣẹ́ láìlo wáyà!” Mo ní, “Ìwọ ọkùnrin yìí, lọ jẹun.”

Èmi náà ńkọ́? N ò ní parọ́. Mo ti rí i pé bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹ̀rín àti àdúrà ni Màmá fi ń dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ó wù mí kó jẹ́ òótọ́, mo bá di ojú mi.

Nígbà tó fi máa di Etí Kẹfà, òkìkí ti kàn. Àwọn ará ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà wá wò ó: ọ̀gá obìnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dún kókókó, ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà, àti ẹnì kan tó jọ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa mi orí. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ síwájú Màmá. “Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́?” Màmá ní ó dáa gan-an, omi tiẹ̀ bọ́ lójú wọn. Omi bọ́ lójú ọ̀gá náà pẹ̀lú. Onímímì-orí mi orí. Wọ́n ní igba irú Etí Kẹfà ni àwọn máa ṣe, àwọn á gbé e sílé igba àgbàlagbà, àti pé lọ́sẹ̀ márùn-ún òní àwọn á padà wá kí ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé. Ìwádìí wọn kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Fọ́tò yíyà ló gba wákàtí kan.

Ọjọ́ kẹta sí i ni mo ṣubú.

Ọ̀sán ni, ọkọ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Omi ọṣẹ wà nílẹ̀ kíṣìnì, èmi náà ni mo sì dà á. Ẹsẹ̀ mi yí, mo gbọ́ tó dún pàù, mo bá ara mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Yéè! Mo gbìyànjú láti dìde, n ò lè dìde. Mo wá rántí pé máìkì wà lókè orí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi nínú ọkàn mi, àní mo dúpẹ́. Mo ké, “Màmá! Mo ti ṣubú o!”

Ilẹ̀kùn kíṣìnì wà ní ṣíṣí. Láti ibi tí mo wà, mo ń wo pálọ̀ tààrà: Màmá lórí àga, ẹ̀yìn wọn sí mi, ìbotí lórí wọn, àpótí níwájú wọn. Bí mo ṣe ké, iná pupa náà tàn. Màmá sì mi orí. Wọ́n ní, “Mo ń gbọ́ o. Ó dáa gan-an.”

“Màmá, ẹsẹ̀ mi ti kán!”

Iná tàn. “Ó dáa gan-an, ọkọ mi.”

“Màmá, iná ń jó ilé!”

“Kedere ni mo ń gbọ́. Ọwọ́ yín ò ní rọ.”

Mo dákẹ́. Iná kú, Màmá náà dákẹ́. Mo na ọwọ́ mú ṣíbí kan tó bọ́ sílẹ̀, mo fi gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iná tàn. “Ẹ ṣé o,” ni Màmá mi wí fún ṣíbí.

Ara mi bù máṣọ. Iná yẹn ni wọ́n ń dá lóhùn! Etí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, ojú wọn ló ń ṣiṣẹ́. Mo bú sẹ́kún nílẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ń sunkún ni iná náà ń tàn, bí iná sì ṣe ń tàn ni Màmá ń dúpẹ́.

Ó lé ní wákàtí kan kí ọkọ mi tó wá jẹun ọ̀sán, tó bá mi níbẹ̀. Ó sáré gbé mi dìde, ó gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Egungun ò kán, iṣan ló já díẹ̀. Wọ́n di báńdéèjì fún mi, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ dúró pẹ́ fún oṣù kan ààbọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ọkọ mi ti jáde, mo bọ́ ìbotí lórí Màmá, mo fi ẹnu kan etí wọn, mo sì ké. “Màmá, ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni rí nínú nǹkan yìí? Ẹ̀ẹ̀kan péré?”

Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọkọ mi wà níbẹ̀. Wọ́n wá mi orí pé rárá.

“Ariwo ni, bí òjò lórí páànù,” ni wọ́n wí. “Ọmọ mi, ọkùnrin tó gbà mí sílé rẹ̀, tó ń jó ìka nítorí etí mi, ṣé èmi ni n ó la ẹnu sọ fún un pé kò dáa? Bí ó bá sú u, orí ìwọ ló máa dà á sí. Mo sì ń bẹ̀rù pé bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ó wá ibòmíì tí ẹ máa gbé mi lọ.” Wọ́n di ọwọ́ mi mú. “N ò mọ̀ pé o wà nílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń dúpẹ́, ọmọ mi sì wà nílẹ̀.”

Inú bí mi sí ẹ̀rọ, inú bí mi sí ìwà rere, inú wá bí mi sí ara mi jù.

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó fò dìde. “Kò ṣeé ṣe! Ó wà nínú ìwé!” Ó ṣí ìwé náà sí mi lójú: Ó yege, Ó yege, Ó yege, ó di mẹ́fà. “Bí ẹnì kan ò bá gbọ́, etí Màmá ló ní láti jẹ́ pé kò dáa!”

Mo ní, “O kú làákàyè! Ṣé etí tó dáa lo ti ń ṣe é fún tẹ́lẹ̀ ni?”

Ó bínú jáde. Ọjọ́ mẹ́ta kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó wọlé, ó jókòó síbi tí mo gbé ẹsẹ̀ mi lé, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ta ló wá máa sọ òótọ́ fún mi?” Àánú ẹ̀ ṣe mí, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó máa sọ ọ́.

Bàbá Kò-tíì-dáa ni à ń pe àgbàlagbà kan nílé kẹta sí tiwa. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ nígbà tí agbára wọn ṣì wà, ibẹ̀ ni ariwo ti gba etí lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ènìyàn a máa yà sí kọ̀rọ̀, nítorí kò sí ohun tí ó tẹ́ bàbá náà lọ́rùn rí. Ẹni tó kọ́lé, wọ́n á bi í bóyá ògiri ẹ̀ ò wọ́. Wọ́n lọ sìnkú kan rí, wọ́n dúró létí sàréè, wọ́n ní kò jìn tó.

Ọkọ mi dé Etí Kẹfà lé bàbá yìí lórí. “Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

“Kí lèyí?” ni Bàbá Kò-tíì-dáa ké. “Igbá wo lo dé lé mi lórí? Ariwo òkúta lásán! Bí mo bá fẹ́ gbọ́ òkúta, ṣé n ò ní padà síbi iṣẹ́ mi ni? Ẹni tó ṣe èyí, kí ni mo fi ṣe é?”

Ọkọ mi la ẹnu láti ṣàlàyé. Mo wò ó. Ó pa ẹnu dé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Bàbá Kò-tíì-dáa ń wá bú wa nínú ilé wa. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń fọn bíi kẹ́tùlù lórí iná. Ọkọ mi gbé máìkì jìnnà sí àpótí. Wọ́n ní máṣíìnì ìyàwó ẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ìwọ ò sọ nǹkan kan. Ọkọ mi tú inú àpótí, ó wá ọgbọ́n tó dá ariwo máṣíìnì mi dúró tí ohùn ènìyàn sì ń kọjá. Wọ́n ní etí òsì àwọn ńkọ́, ṣé ẹlòmíì ló ni ín ni? Ọkọ mi tún ìyẹn náà ṣe. Ó ń rù, ojú ẹ̀ ń pọ́n, àmọ́ kò bínú jáde mọ́. Fúnra rẹ̀ ló mú téèpù dúdú tó fi bo iná pupa náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá náà dé Etí Keje sórí, wọ́n jókòó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ta ní ń wúkọ́ ní kíṣìnì?” Èmi ni. “Omi ẹ̀rọ yín sì ń jò,” ni wọ́n wí. “Ẹ ò mọ̀?” Ọkọ mi ní, “Bàbá, ó ti dáa àbí?” Wọ́n ní, “Kò tíì dáa.” Ṣùgbọ́n wọn ò bọ́ ọ lórí títí di ọ̀sán.

Àwọn ará ọ́fíìsì padà dé bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ọkọ mi kò jẹ́ kí wọ́n jókòó tán. “Etí Kẹfà ò ṣiṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́ rí. Etí Keje ló wà lórí Màmá báyìí, n ò sì tíì mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́.”

Ọ̀gá náà ní, “Kò lè rí bẹ́ẹ̀. A ti kọ̀wé ránṣẹ́ sókè pé Màmá ń gbọ́.”

“Wọn ò gbọ́.”

“Fọ́tò wà. Ìkeje ò sì sí nínú ìwé wa, ìkẹfà ló wà níbẹ̀.” Onímímì-orí mi orí. Ọ̀gá náà wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ gbọ́ ná, ṣé Màmá ò kàn lè máa gbọ́ ọ lọ báyẹn títí a ó fi gbé igba náà jáde?”

Mo fẹ́ sọ ohun tó wà lẹ́nu mi, ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Igba àgbàlagbà tó níwà bíi Màmá. Wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ iná, ọmọ wọn á sì wà nílẹ̀. N ò ní fọwọ́ sí i.”

Wọ́n bínú lọ, bàtà kókókó títí dé títì. Mo gbọ́ pé fọ́tò Màmá wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn dòní, pẹ̀lú àkọlé ńlá lábẹ́ ẹ̀: Ó Ń GBỌ́.

Ọkọ mi jókòó sórí àpótí ìránṣọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé orí sílẹ̀. Màmá wà lórí àga wọn, Etí Keje lórí wọn. A ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bi wọ́n pé ‘ṣé ẹ ń gbọ́’ mọ́, nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn ní lẹ́nu wọn. Èmi wà ní kíṣìnì, mò ń fọ ife tí àwọn àlejò mu nǹkan sí. Mo ti dúró pẹ́ jù. N ò dán nǹkan kan wò o, ife ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní, jẹ́jẹ́, “Ẹsẹ̀ yìí mà ń dùn mí o.”

Mo gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀ ní pálọ̀. Mo gbọ́ gbàà! Kí n tó yíjú, Màmá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ìbotí ti wọ́ lórí wọn, wáyà já wálẹ̀ léjìká wọn, agolo ìpara tó máa ń wà lórí tábìlì wọn ti wà lọ́wọ́ wọn.

“Ṣé èyí tó yí náà ni?” ni wọ́n wí. “Jókòó, kí n fi ìpara ra á fún ẹ.”

Mo jókòó. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń tú báńdéèjì mi. Omi ń bọ́ lójú mi sórí ọwọ́ wọn. Ọkọ mi ti dìde. Ó wo pálọ̀ níbi tí àpótí Etí Keje ti wó lulẹ̀, tó fọ́ yángá, ó sì wo Màmá.

Màmá gbé ojú sókè, wọ́n rí i, wọ́n rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Mo rí ọpẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n la ẹnu, wọ́n sì pa á dé. Wọ́n tún la á.

“Wáyà yín kúrú jù, ọkọ mi,” ni wọ́n wí.

Ọkọ mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wá ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn mi, ó tẹ̀ kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ àga Màmá títí dé ibi tí mo jókòó sí.